Ọjọ́ Tí A Bá Tú Ọmọ Sílẹ̀ Ni Kí A Ṣọ́ Ọ Jù Lọ

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ adùn. Ọ̀rọ̀ ikú ni, ikú àwọn ọmọ wa tí ń lo òògùn olóró, pàápàá àwọn tí orí wọn kò tún pé mọ́. Ṣùgbọ́n n kò wá láti bú wọn. Wáàsí tí a fi ń bú ọmọ ọlọ́mọ ti pọ̀ tó lórí mínbárì, n kò sì tíì rí ẹyọ ọmọ kan tí èébú mú padà wálé. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ ni ohun tí àwọn dókítà àrùn ọpọlọ ti rí nínú ìwádìí wọn, tí ọ̀pọ̀ nínú àwa àáfà kò gbọ́ rí. Ohun náà ni pé ìgbà tí a ń pa ẹran sàárà, tí a ń dúpẹ́ pé ọmọ ti bọ́ lọ́wọ́ òògùn olóró, ìgbà náà gan-an ni ikú súnmọ́ ọn jù lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Festac láti ìbẹ̀rẹ̀ yóò rántí pé nítorí àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn ènìyàn dúdú gbogbo àgbáyé ni ìjọba ṣe kọ́ ìlú náà, àjọ̀dún tí a ṣe láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní títí di ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977. Àwọn àlejò ló kọ́kọ́ gbé inú rẹ̀ kí a tó pín ilé fún àwọn ará Èkó. Ìlú tí a fi okùn wọ̀n ni, ó ní títì ńláńlá, ó ní àwọn klóòsì tí ilé fi ojú kojú nínú wọn. Lónìí ọ̀pọ̀ klóòsì ti ní géètì àti ọdẹ. Géètì ń dá olè dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n òògùn olóró kì í jà wọlé, inú àpò ṣòkòtò ọmọ wa ló ń bá wọlé. Ẹ sì wo ohun tí ó yí wa ká ní ìjọba ìbílẹ̀ Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin yìí: Mile 2, Agbójú, Alákíjà, Satellite, Kirikiri, àti Trade Fair níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún oníṣòwò ti ń ná ọjà. Èbúté Tin Can kò jìnnà. Ibi tí awakọ̀ àjàgbé, ọlọ́kadà, agbèrò àti alábàárù bá ti pọ̀ báyìí, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ kọjá agbára ara, ẹni tí ń ta agbára inú páálí kò ní ṣàì rí oníbàárà.

Ẹ má rò pé mo ń sọ àsọdùn. Ìwádìí tí àjọ ìṣirò Nàìjíríà ṣe pẹ̀lú àjọ UN tí ń rí sí ọ̀rọ̀ òògùn olóró, tí wọ́n gbé jáde ní oṣù kìíní ọdún 2019, fi hàn pé bí mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn láàárín ọmọ ọdún 15 sí 64 ni ó lo òògùn olóró láàárín ọdún kan ní ilẹ̀ wa. Ti Èkó ló pọ̀ jù: ènìyàn 33 nínú 100. Nínú gbogbo àwọn tí ń lò ó, ẹnì kan nínú mẹ́rin jẹ́ obìnrin, nítorí náà kí ẹni tí ó bí ọmọbìnrin nìkan má ṣe sùn. Igbó ló ṣáájú. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ba mi lẹ́rù ni pé mílíọ̀nù 4.6 ń lo àwọn òògùn ìrora bíi tramadol àti òògùn ikọ́ tí ó ní kódíìnì, láìsí àṣẹ dókítà. Ìjọba àpapọ̀ fòfin de òògùn ikọ́ oníkódíìnì ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 2018. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tí ara rẹ̀ ti ń béèrè nǹkan kì í ti ipasẹ̀ òfin dá ara náà lóhùn. Ó wá òmíràn lọ ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti ń pani, nítorí ọ̀pọ̀ ìyá rò pé wèrè nìkan ni òògùn yìí lè fà. Tramadol jẹ́ òògùn gidi, dókítà a máa fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, ní mílígíráàmù 50 tàbí 100. Èyí tí wọ́n ń tà níta jẹ́ 200, 225, títí dé 250 nínú hóró kan ṣoṣo. Bí ó bá pọ̀ jù, ó lè mú kí gìrì gbé àgbàlagbà lulẹ̀ bí ẹni tí wárápá mú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó burú jù lọ, tí òun àti kódíìnì àti èyí tí wọ́n ń pè ní gbáná jọ ń ṣe, ni pé ó ń mú oorun kun ibi tí ó wà nínú ọpọlọ tí ń pàṣẹ fún wa láti mí. Ẹ̀dá kì í rántí mí kí ó tó mí, Ọlọ́run Ọba ti fi alámòójútó sínú orí wa. Nígbà tí òògùn bá kun alámòójútó yìí lóorun, èémí yóò máa jìnnà síra, jìnnà síra, títí yóò fi dákẹ́. Bí wọ́n bá fi ọtí tàbí paraga tàbí òògùn oorun lé e, ó yára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í pariwo. Ẹni tí ó wà ní yàrá kejì yóò máa gbọ́ ìhanrun, yóò sì wí pé, “Ẹ jẹ́ kí ó sinmi, ó ti pẹ́ tí kò ti sùn.” Àjọ ìlera àgbáyé WHO sọ pé bí ẹgbẹ̀rún 600 ènìyàn ni òògùn olóró pa ní ọdún 2019 káàkiri ayé, nínú 100 wọn, bí 80 ni ọ̀ràn wọn kan ìdílé àwọn òògùn tí mo dárúkọ yìí.

Wàyí o, ẹ fi ọkàn bá mi lọ. Ara ènìyàn a máa kọ́ bí yóò ti gbé ohun tí à ń dì lé e. Ẹ wo alábàárù. Ní ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àpò ìrẹsì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́ ẹ lẹ́yìn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó ń gbé méjì, ó sì ń kọrin. Bí àìsàn bá dá a dùbúlẹ̀ fún oṣù mẹ́rin, tí ó wá dìde lọ gbé àpò méjì ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ òògùn yìí. Ẹni tí ó ń gbé hóró márùn-ún mì lójúmọ́, ara rẹ̀ ti kọ́ ọ. Bí a bá tì í mọ́lé fún oṣù mẹ́ta, ara yóò gbàgbé ohun tí ó kọ́, ṣùgbọ́n ọkàn kò gbàgbé. Ní ọjọ́ tí ìbànújẹ́ tàbí ọ̀rẹ́ àtijọ́ bá pàdé rẹ̀, hóró márùn-ún náà ni yóò béèrè, ara tuntun yìí kò sì lè gbé e.

Àwọn dókítà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n John Strang jẹ́ aṣáájú wọn, tẹ̀lé àwọn aláìsàn 137 tí wọ́n wọ ilé ìwòsàn láti jáwọ́ nínú gbáná àti àwọn ẹbí rẹ̀. Àwọn kan parí ìtọ́jú, òògùn kúrò lára wọn pátápátá, àwọn wọ̀nyí jẹ́ 37. Àwọn yòókù kò parí, àwọn mìíràn tilẹ̀ sá kúrò. Láàárín oṣù mẹ́rin, àpọ̀jù òògùn pa ènìyàn mẹ́ta. Inú àwọn 37 tí wọ́n parí ìtọ́jú ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Ọdún 2003 ni wọ́n tẹ ìwádìí yìí jáde. Ẹ ka gbólóhùn náà lẹ́ẹ̀kejì bí ó bá ṣòro fún yín láti gbà gbọ́. Ó ṣòro fún èmi náà. Àwọn dókítà náà kò torí rẹ̀ sọ pé kí a má tọ́jú ènìyàn mọ́. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ìtọ́jú kò parí ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn.

Wọ́n rí irú rẹ̀ lára àwọn ẹlẹ́wọ̀n pẹ̀lú. Ìwádìí tí a kó jọ láti oríṣiríṣi ìlú, tí ó jáde ní ọdún 2010, fi hàn pé ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ tí ẹlẹ́wọ̀n jáde, ewu pé òògùn yóò pa á jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta sí ìlọ́po mẹ́jọ ti ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá tí ó tẹ̀lé e. Èyí kàn wá ní Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin gidigidi, nítorí ọgbà ẹ̀wọ̀n Kirikiri kò jìnnà sí wa. Mo mọ̀ pé àwọn ẹgbẹ́ Mùsùlùmí kan a máa lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n nínú oṣù Àwẹ̀ láti san owó ìtanràn fún àwọn tí kò rí i san, kí wọ́n lè bá ẹbí wọn ṣọdún. Iṣẹ́ láádá ni. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wà pẹ̀lú ẹni náà ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ yẹn? Owó ọkọ̀ nìkan kò tó. Ẹ tún ṣe ìṣirò ti oṣù Àwẹ̀ fúnra rẹ̀: ọ̀dọ́ tí ó bẹ̀rù Ọlọ́run tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ọgbọ̀n ọjọ́ jáwọ́, tí ó wá padà sí ìwọ̀n àtijọ́ ní ọjọ́ Ìtúnu, inú ewu kan náà ni ó wà.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n pè mí láti wẹ òkú ọmọkùnrin kan ní agbègbè wa. Aṣọ ni ìyá rẹ̀ ń tà, n kò ní sọ ọjà tí ó wà. Tramadol ni ọmọ náà ń lò pẹ̀lú igbó, ó sì ti pẹ́ tí ó ti ń bá ẹni tí a kò rí sọ̀rọ̀. Wọ́n mú un lọ sí ilé ìwòsàn ìbílẹ̀ kan ní ìlú òkèèrè, ó lo oṣù mẹ́rin níbẹ̀ nínú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀. Nígbà tí ó dé, ó ti sanra díẹ̀, ó ń kí àgbà, ó ń wá kírun Súbúù. Ìyá rẹ̀ se sàárà, gbogbo wa jẹ, gbogbo wa ṣe àmín. Ọjọ́ kẹfà sí ọjọ́ sàárà náà ni wọ́n bá a lórí ibùsùn tí ara rẹ̀ ti tutù. Àbúrò rẹ̀ fi páálí tí ó bá lábẹ́ pílò hàn mí. Iye tí ó máa ń lò kí ó tó lọ ni ó tún lò. Ìyá náà ń bi mí léraléra pé, “Àáfà, ṣé ọmọ mi jáwọ́ ni àbí kò jáwọ́?” Mo sọ fún un pé, “Alhaja, ó jáwọ́.” Jíjáwọ́ náà ni kò jẹ́ kí ara rẹ̀ lè gbé e mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ti sọ bẹ́ẹ̀ fún òun tàbí fún ìyá rẹ̀.

Níbi jánásà náà, wọ́n ní “àìsàn ránpẹ́” ni. Mo ti gbọ́ “àìsàn ránpẹ́” lórí àwọn ọ̀dọ́ tó báyìí tí mo fi ń bi ara mi pé irú àìsàn wo ni kì í mú àgbà. Ìsìláàmù kọ́ wa kí a tètè sin òkú, n kò sì ní kí a fi òkú pamọ́. Ṣùgbọ́n ìyárasin yàtọ̀ sí ìbòmọ́lẹ̀. Nígbà tí a kò bá pe dókítà, tí a kò kọ ohun tí ó pa ọmọ sínú ìwé kankan, ìjọba kò ní mọ iye tí ń kú, ilé kejì tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà kò sì ní gbọ́ ìkìlọ̀. Èmi rò pé ó yẹ kí Lèmọ́ọ̀mù máa bi ẹbí ní ìkọ̀kọ̀, láìdá wọn lẹ́jọ́, kí ó sì ní kí wọ́n sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń lò ó, nítorí ó ṣeé ṣe kí irú páálí kan náà wà lọ́wọ́ wọn ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Ó kù mí ku ọ̀rọ̀ ti orí tí kò pé. Nígbà tí òògùn olóró àti àrùn ọpọlọ bá pàdé lára ẹnì kan, àìsàn náà di alábala méjì, ó sì máa ń da ojú gbogbo ènìyàn rú. Bàbá yóò wí pé igbó ló fà á. Ìyá yóò wí pé àwọn ayé ni. Àáfà yóò wí pé àlùjànnú ni. Ọ̀rọ̀ igbó àti wèrè kì í ṣe tuntun lọ́dọ̀ wa. Àwọn tí wọ́n kọ ìtàn rẹ̀ sọ pé àwọn sójà wa tí wọ́n bọ̀ láti ogun Búrúmà àti Íńdíà wà lára àwọn tí wọ́n mú igbó wọ ilẹ̀ yìí lẹ́yìn ọdún 1945. Ọ̀jọ̀gbọ́n Tolani Asuni tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Arò ní Abẹ́òkúta kọ ìwé lórí rẹ̀ nínú ìwé àkànṣe tí UN ń tẹ̀ lórí òògùn olóró ní ọdún 1964. Ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo, kọ tirẹ̀ ní ọdún 1965. Ìjọba ológun ṣe òfin líle lórí igbó ní ọdún 1966, tí ó ní ikú nínú fún ẹni tí ó bá gbìn ín. Ẹ̀yin náà ẹ rí i bí igbó ti dín kù tó láti ìgbà náà.

Ní ilẹ̀ Sweden, wọ́n tẹ̀lé àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún 45 tí wọ́n wọ iṣẹ́ sójà, fún bí ọdún 15. Àbájáde rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 1987 ni pé àwọn tí wọ́n ti mu igbó ju ìgbà 50 lọ, irú wèrè tí ń gbọ́ ohùn tí ń rí ìran mú wọn ní ìlọ́po mẹ́fà ju àwọn tí kò mu ún rí lọ. Síbẹ̀ èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn amugbó kò ya wèrè, ìdí sì nìyí tí ọmọ yín fi máa ń jiyàn pé ọ̀rẹ́ òun ń mu ún, kò ṣe é ní nǹkan. Òótọ́ ni ó sọ nípa ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè wo ojú ọmọ kí ó mọ ẹni tí yóò yí lórí. Ọ̀nà kejì sì wà: ẹlòmíràn ti ń gbọ́ ohùn kí ó tó fi ẹnu kan igbó rárá, ó wá ń mu ún kí ohùn náà lè dákẹ́. Bí a bá gba igbó lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ láìtọ́jú ohùn tí ó ń gbọ́, yóò padà síbẹ̀. Bí a bá tọ́jú ohùn náà tí a kò bìkítà fún òògùn olóró, òògùn náà yóò tún jí i. Àwọn dókítà sọ pé kí a tọ́jú méjèèjì papọ̀, ní ojú kan, lẹ́ẹ̀kan náà. Irú ọmọ alábala méjì yìí ló rọrùn jù láti pàdánù, nítorí ibi tí wọ́n ti ń wo wèrè yóò ní kí ó lọ jáwọ́ ná, ibi tí wọ́n ti ń mú ni jáwọ́ yóò ní wèrè ni, kì í ṣe tàwọn.

Ibẹ̀ ni a ti dé ọ̀dọ̀ ara wa, àwa àáfà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ọlọ́pàá kó àwọn tí ó lé ní 300 jáde ní ilé kan ní Kàdúná tí wọ́n ń pè ní ilé ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n kó ènìyàn 259 jáde ní irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Òjòó, ní Ìbàdàn, ní àárín Yorùbá. Ní oṣù kan náà ni àjọ Human Rights Watch tẹ ìròyìn jáde lórí ilé 28 tí wọ́n dé ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ àti Àbújá, níbi tí wọ́n ti bá ènìyàn nínú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀. Kí a má purọ́, kì í ṣe ti Mùsùlùmí nìkan. Ti ìjọ Kírísítẹ́nì wà níbẹ̀, ti oníṣègùn wà, ti ìjọba pàápàá wà. Ṣùgbọ́n ti ẹlòmíràn kò wẹ tiwa mọ́. Àwọn òbí ló ń fi ẹsẹ̀ ara wọn mú ọmọ lọ, nítorí ọmọ ti ta tẹlifísọ̀n ilé, ó ti gbé ọ̀bẹ sí ìyá rẹ̀, ilé ìwòsàn sì jìnnà, ó sì wọ́n. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe láàárín bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún ènìyàn ní ilẹ̀ Yorùbá, tí ó jáde ní ọdún 2006, fi hàn pé nínú àwọn tí àrùn ọpọlọ wọn le, ènìyàn 8 péré nínú 100 ló rí ìtọ́jú kankan láàárín ọdún kan. Ibo ni àwọn 92 yòókù yóò lọ bí kò ṣe ọ̀dọ̀ wa?

Ẹ̀sìn wa kò sì bá ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ wá. Kò ka ẹ̀ṣẹ̀ sí ẹni tí làákàyè rẹ̀ ti lọ lọ́rùn, àfi bí ó bá padà bọ̀ sípò. Báwo ni a ó ṣe wá fi ìyà jẹ ẹni tí Ọlọ́run kò bi léèrè? Nígbà tí Súltáánì Qalawun kọ́ ilé ìwòsàn rẹ̀ ní Káírò ní ọdún 1284, ó ya ibì kan sọ́tọ̀ fún àwọn tí orí wọn kò pé, a sì ń tọ́jú wọn láti inú owó wákàfù bí a ti ń tọ́jú ẹni tí ibà mú. Mùsùlùmí ló ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti lé ní ọdún 700. Nílé wa níhìn-ín, láti ọdún 1954 tí Lambo ti bẹ̀rẹ̀ ní Arò, ó fi àwọn aláìsàn rẹ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, ẹbí kan bá aláìsàn kọ̀ọ̀kan dé ibẹ̀, wọ́n ń gba òògùn lọ́sàn-án, wọ́n ń padà sí ilé ènìyàn lálẹ́. Kò lé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ jìnnà pẹ̀lú, ó ní kí wọ́n wá bá òun ṣiṣẹ́.

Àwọn kan yóò sọ pé abẹ́rẹ́ òyìnbó kò lè lé àlùjànnú. Èmi kò sọ pé àlùjànnú kò sí, Súrà odidi kan wà nínú Àlùkùránì tí ń jẹ́ orúkọ wọn. Ṣùgbọ́n Ànábì wa Muhammadu, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, kọ́ àwọn Sàábé kí wọ́n wá òògùn fún àìsàn, òun fúnra rẹ̀ sì ń ṣe àdúà. Kò fi ọ̀kan dènà èkejì. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ ẹ̀rí òde òní, Ọ̀jọ̀gbọ́n Gureje kan náà àti àwọn ará Gánà tẹ ìwádìí mìíràn jáde ní ọdún 2020. Wọ́n tẹ̀lé aláìsàn 307 tí wọ́n wà ní ilé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti ti àwọn oníwòsàn ẹlẹ́sìn ní agbègbè Ìbàdàn àti Kumasi. Ní ìdajì kan, ohun gbogbo ń lọ bí ó ti ń lọ tẹ́lẹ̀. Ní ìdajì kejì, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera láti ilé ìwòsàn kékeré àdúgbò ń wá bẹ̀ wọ́n wò, wọ́n ń fún wọn ní òògùn, wọ́n sì ń bá onílé sọ̀rọ̀ lórí ìdè àti ìyà. Kò sí ẹni tí ó ní kí onílé pa àdúà tì. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tí wọ́n rí méjèèjì gbà le dáadáa ju ti àwọn yòókù lọ. Àáfà tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí èyí. Kí ó rúkíyà rẹ̀, kí ó fi omi haǹtú rẹ̀ fún ọmọ bí ìgbàgbọ́ rẹ̀ bá gbé e débẹ̀, kí nọ́ọ̀sì náà wọlé. Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ ní oṣù kìíní ọdún 2023, èyí tí ó rọ́pò òfin àtijọ́ ti ọdún 1958 tí ń pe àwọn aláìsàn wọ̀nyí ní wèrè lásán. Ẹni tí ó bá ṣì ń lu irin mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lẹ́sẹ̀ lónìí, kí ó mọ̀ pé òfin ti yí padà lẹ́yìn òun.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ọ̀rọ̀ yín kò pọ̀ lẹ́nu mi. Ẹni tí ń ta hóró 225 fún ọmọ ọlọ́mọ nínú ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì, tí ó wá ń yọ sàká lórí èrè rẹ̀, kí ó lọ ka ohun tí Súrà Máídà sọ nípa ọtí ní ẹsẹ 90. Ohun tí ń pa làákàyè kò ní orúkọ méjì lọ́dọ̀ wa. Àmọ́ ẹ̀yin ni ẹ tún lè ṣe ohun tí àáfà kò lè ṣe. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nílò ibi tí yóò máa jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàlagbà kan tí kò ní máa fi ọ̀rọ̀ àná gún un lójú. Ìsọ̀ yín dára fún èyí ju mọ́sálásí lọ, nítorí mọ́sálásí a máa ṣófo láàárín ìrun. Kí ó máa to ọjà, kí ó máa ka bébà. Ẹ má fi owó púpọ̀ sí i lọ́wọ́ ní oṣù méjì àkọ́kọ́, kí owó oúnjẹ rẹ̀ máa jẹ́ ti òòjọ́.

Bí ẹ bá bá ọmọ tí ó sùn tí kò ṣeé jí, tí ó ń hanrun lọ́nà tí kò yé yín, tí ètè tàbí èékánná rẹ̀ ti ń dúdú, tí èémí rẹ̀ jìnnà síra, ẹ má da omi tútù lé e lórí, ẹ má rọ epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu, yóò gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sísàlẹ̀, kí ẹnì kan má kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ yín jù lọ láìdúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ sọ fún dókítà pé òògùn olóró ni. Òògùn kan wà tí à ń pè ní naloxone, tí ó lè jí alámòójútó èémí náà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Láti ọdún 2011 ni ìjọba Scotland ti ń pín in fún àwọn tí ewu náà wà fún, kí wọ́n fi sílé. Láti ọdún 2014 ni WHO sì ti ń gba gbogbo ìjọba nímọ̀ràn pé kí ó wà lọ́wọ́ àwọn tí ó lè bá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pàdé. Lọ́dọ̀ wa, ẹ bi dókítà yín nípa rẹ̀ kí ọ̀ràn tó dé.

Fún ìtọ́jú, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Yábàá láti ọdún 1907, Arò wà ní Abẹ́òkúta, ó sì ní ẹ̀ka tí ó wà fún àwọn tí ń lo òògùn olóró nìkan. Àjọ NDLEA náà ní nọ́ńbà tí a lè pè láìsan owó, 0800 1020 3040, fún ẹni tí ó ń wá ìmọ̀ràn. Ẹni tí ó pè láti wá ìrànlọ́wọ́ kì í ṣe ẹni tí wọ́n wá mú. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ kó gbogbo páálí tí ẹ bá bá lábẹ́ ibùsùn ọmọ náà dání, ẹ kó ìgò agbo náà, ẹ sì sọ iye oṣù tí ó ti lò nílé àáfà tàbí nílé wòlíì láìtijú. Dókítà kò ní mọ bí ara rẹ̀ ti rẹlẹ̀ tó bí ẹ kò bá sọ ọ́. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ béèrè ọjọ́ tí ẹ ó tún padà wá, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tí yóò mú un lọ ní ọjọ́ náà sì wà nínú yín kí ẹ tó wọ ọkọ̀ padà sí Mile 2.